Ìṣẹ́jú Mẹ́ta, Kò Lé, Kò Dín

Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá Rebecca sọ pé òun ké ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Fóònù nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn sọ pé òun kò gbọ́ igbe kankan títí aago mẹ́wàá fi kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Kí nọ́ọ̀sì náà tó sáré débẹ̀, ètè màmá ti dúdú bí aró, ọwọ́ wọn sì ti yọ̀ kúrò lára irin bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n dì mú.

"Nínú ẹ̀rọ méjèèjì, ọ̀kan ń parọ́," ni Inspẹ́kítọ̀ Ládépọ̀ wí. "Tàbí kó jẹ́ pé nǹkan kan wà láàárín wọn tó gbé ìṣẹ́jú mẹ́ta mì."

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Basit ní Ọjà Àlàbá ló ti ń sọ̀rọ̀, láàárín àwọn sáfà àlòkù, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí iléeṣẹ́ ń lò, tí wọ́n tò jọ bí pósí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Ìyá Basit, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọdún méjìdínlógún ló fi bá báǹkì kan ṣọ́ àwọn kọ̀ǹpútà tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kó tó wá jókòó sí Àlàbá tó ń tún sáfà ṣe fún àwọn tó ń kó o wọlé láti òkè òkun. Bí ọ̀ràn kan bá ní wáyà nínú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá agbègbè yẹn máa ń gbé e wá. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ yọ̀ mọ́ni. Ẹnu rẹ̀ mú, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ẹnikẹ́ni.

Ládépọ̀ rò ó fún un. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Òkókómaikò ni ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀, Ìtura-Ayé ni wọ́n ń pè é. Opó sójà ni Màmá Rebecca, inú Cantonment Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń gbé. Èémí tí kì í wọlé dáadáa ló gbé wọn dé ibẹ̀, ara wọn sì ti ń yá. Lará ni orúkọ nọ́ọ̀sì náà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ti wà ní àhámọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì ti fọwọ́ sí ìwé pé àìbìkítà òun ló pa màmá.

"Bó bá ti fọwọ́ sí i, kí lo wá ń wá lọ́dọ̀ mi?"

"Àwọn tó ń parọ́ kì í parọ́ iye tó gún régé bẹ́ẹ̀ yẹn, Ìyá Basit. Mo wo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ méjèèjì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, kò lé, kò dín."

Ìyá Basit pa iná tó fi ń jó wáyà, ó dìde.

*

Ojú Lará wú. Ẹ̀hìndé, ọmọ Màmá Rebecca, tó jẹ́ sójà bíi bàbá rẹ̀, ló gbá a létí lójú gbogbo ènìyàn ní wọ́ọ̀dù, etí òsì rẹ̀ ṣì ń hó. Nígbà tí Ìyá Basit ń bi í léèrè, etí ọ̀tún ló ń dojú rẹ̀ kọ ọ́.

Ó ṣàlàyé bí iṣẹ́ wọn ṣe rí. Ike kékeré kan ni wọ́n fi ń há ìka aláìsàn. Bí èémí bá ti ń lọ sílẹ̀, ike náà á sọ fún ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ á sì ké. Ṣùgbọ́n igbe náà kì í ṣe ohun tí etí ń gbọ́ mọ́. Dókítà Ọlábọ̀dé tó ni ilé ìwòsàn ti ní kí wọ́n pa ohùn gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, nítorí pé àwọn tó ń sanwó gidi ní ariwo náà ń da oorun àwọn láàmú. Orí fóònù nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ni igbe ń gbà wá. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn gíláàsì, ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Fóònù ò dún, mà," ni Lará wí. "Ìgbà tó dún ni mo sáré."

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kúẹ́rì mẹ́ta ni dókítà ti fún un pé ó máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé nǹkan kan ń ṣe òun, pé òun ń sùn láìmọ̀. Ó lọ ṣe àyẹ̀wò etí. Ó ń gbé fóònù náà lọ́wọ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ìyá Basit bi í léèrè ta ló ní kó fọwọ́ sí ìwé.

Àbáyọ̀mí ni, ó ní. Àfẹ́sọ́nà òun. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ láti oṣù kẹta. Àbáyọ̀mí yìí náà ló ń mójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn. Ó sọ fún òun pé bí òun bá tètè jẹ́wọ́, adájọ́ á ṣàánú òun, wọn ò ní ju òun sẹ́wọ̀n, wọ́n á kàn kìlọ̀ fún òun.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Àbáyọ̀mí wọlé, ó gbé kúlà oúnjẹ dání. Ọkùnrin tó tinrín, ohùn rẹ̀ tutù. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Basit, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu ojú Lará, ó sì ṣí ìrẹsì fún un. Àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti mọ̀ ọ́n. Láràárọ̀ ló ń wá, tó ń di ọwọ́ Lará mú, tó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dárí jì í.

Nígbà tó gbọ́ ohun tí Ìyá Basit wá ṣe, ó ní òun á ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ní ó ti pẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn ti ń dà wọ́n láàmú.

*

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Dókítà Ọlábọ̀dé pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Kò ní kí wọ́n jókòó. Ó ní ọ̀lẹ ni nọ́ọ̀sì náà, ó ti jẹ́wọ́, kí ni àwọn ọlọ́pàá tún ń wá? Ó ní òun kò fẹ́ rí orúkọ ilé ìwòsàn òun nínú ìwé ìròyìn. Ládépọ̀ fi ìwé àṣẹ hàn án, ó yà fún wọn.

Inú yàrá kan tó tutù bíi yìnyín ni sáfà wà, ẹyọ kan ṣoṣo, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ládépọ̀ bi wọ́n léèrè èwo ni kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkìlọ̀ nínú rẹ̀.

"Gbogbo wọn ló wà níbí," ni Ìyá Basit wí. "Irin yìí dà bí ilé oníyàrá púpọ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló háyà yàrá nínú rẹ̀, kò sí èyí tí ọwọ́ lè fi kàn nínú wọn. Ọ̀kan ń tọ́jú fáìlì aláìsàn, ọ̀kan ń tọ́jú kámẹ́rà, ọ̀kan ń gbé ìkìlọ̀, ọ̀kan wà fún yàrá àyẹ̀wò. Oníkálukú rò pé òun nìkan ló ni ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi kan náà ni wọ́n ń lò, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà jáde."

Àbáyọ̀mí mi orí. Ó ní ibi tí òun ń fura sí gan-an nìyẹn. Kámẹ́rà ni ayálégbé burúkú. Bí wọ́n bá ṣí kámẹ́rà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á fa gbogbo omi tán, ìkìlọ̀ á wá dúró títí omi á fi padà.

Ìyá Basit ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ó sì gbìyànjú rẹ̀ wò. Ó ṣí kámẹ́rà mẹ́rìnlélógún tó wà nínú ilé náà pọ̀ ṣọ̀kan, ó lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí Màmá Rebecca kú sí, ó fi ike há ìka ara rẹ̀, ó sì já a kúrò lójijì kí ẹ̀rọ lè rò pé ẹni tó ni ìka náà kò mí mọ́. Ládépọ̀ di fóònù Lará mú lẹ́yìn ìlẹ̀kùn gíláàsì.

Fóònù dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ó ṣe é nígbà ogún. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, kò sì sí èyí tó pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ká má tíì sọ ti ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n pa kámẹ́rà, fóònù ń dún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá Basit yọ wáyà kan, ó fi òmíràn rọ́pò. Kò sí ìyàtọ̀.

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ẹ ti rí i báyìí? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun le koko. Ojú Ládépọ̀ rẹ̀wẹ̀sì, nítorí ohun tó wá mú jáde ti di òkúta mìíràn lọ́rùn ọmọbìnrin tó wà ní àhámọ́. Àbáyọ̀mí dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní ó dun òun púpọ̀.

Ìyá Basit padà sínú yàrá tútù náà, ó ní òun gbàgbé gíláàsì òun, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju ẹni tó ń wá gíláàsì lọ.

*

Tọ́lá ni nọ́ọ̀sì kejì, òun àti Lará ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ìyá Basit bá a níbi tó ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ó bi í léèrè bóyá fóònù tirẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dún.

"Rárá o, mà. Tèmi kì í pẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀, mo rò pé Lará ń sùn ni. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ fún un lójú pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ bó bá ti rẹ̀ ẹ́." Ó ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sápá. "Mo bú u gidi gan-an."

Ìyá Basit bi í léèrè nípa ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tọ́lá ní wọ́n pe òun láti ilé pé kí òun wá gbaṣẹ́, nítorí pé wọ́n ti ń mú Lará lọ. Ìtòsí ni òun ń gbé. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ kọjá díẹ̀ ni òun dé, òkú màmá ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rí Àbáyọ̀mí tó ń jáde láti yàrá sáfà. Òógùn ti mú kí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Tọ́lá kí i kú ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó kọjá lára rẹ̀.

"Nínú yàrá wo ni òógùn ti bò ó?" ni Ìyá Basit bi í.

"Yàrá sáfà, mà." Tọ́lá wo ojú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló mọ̀ pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ máa ń mú súwẹ́tà dání.

*

Ní ọjọ́ Àìkú, Ìyá Basit ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó tẹ́ àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ níwájú Ládépọ̀. Èyí tí ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ wà lápá òsì, èyí tí fóònù àwọn nọ́ọ̀sì kọ wà lápá ọ̀tún. Ó ní kó fi ìka tọ̀ ọ́.

Nígbàkígbà tí Tọ́lá bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ìkìlọ̀ ń dé ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, tàbí ẹyọ kan, tàbí méjì. Bí Lará bá gba iṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Òwúrọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìgbà mọ́kàndínlógún.

"Bí mo bá rán ẹnì kan níṣẹ́ sí Ìyànà-Ìbá," ni Ìyá Basit wí, "lónìí òjò á pa á, lọ́la á rí ọ̀rẹ́, lọ́túnla á tètè dé. Ohun tí Ọlọ́run dá sáyé kì í pẹ́ ní ìwọ̀n kan náà. Bó bá jẹ́ pé ìgbà mọ́kàndínlógún ni mo rán an, tó sì ń padà lójú aago kan náà, ẹnì kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó mú un lọ́rùn ọwọ́, tó ń wo aago."

Ládépọ̀ ní ṣùgbọ́n lánàá kò pẹ́.

"Wo èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n yọ ike kúrò níka òkú ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Fóònù Lará kan náà yìí dún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà, ó wá san láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lẹ́yìn tó pààyàn. Ta ló fún un lóògùn?"

Ó ní olóògùn náà ti nu ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nù kúrò nínú kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń gbé inú òmíràn ní ohun kan tí èèyàn kò ní. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni sáfà ń ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lódindi, bó ṣe wà gan-an lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lè jí i dìde bó bá kú. Àwòrán ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ikú màmá ni Ìyá Basit dà kọ, tó gbé sínú àpò rẹ̀, nígbà tó ní òun ń wá gíláàsì.

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó ránṣẹ́ sí Àbáyọ̀mí pé kó wá bá òun lọ́jà, òun nílò ìmọ̀ rẹ̀ láti fi yọ Lará. Ó wá lójú ẹsẹ̀. Ó bá Ládépọ̀ níbẹ̀, ó sì bá ọkùnrin kan tí kò mọ̀, tó ká ọwọ́ sáyà. Ìyá Basit kò sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ẹ̀hìndé ni.

Ìyá Basit fi ike há Àbáyọ̀mí níka. Ó gbé fóònù Lará síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkìlọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nínú sáfà tó wà lẹ́yìn òun yìí, bó ṣe wà lọ́jọ́ méjì kí màmá tó kú. Lẹ́yìn náà, ó já ike kúrò.

Fóònù kò dún.

Ó tan ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kan. Àwòrán tí kámẹ́rà orí bẹ́ẹ̀dì Màmá Rebecca ká lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó mú láti inú sáfà kan náà, ló wà níbẹ̀, kò ní ohùn. Màmá jókòó díẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí irin bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu wọn ń ṣí, ó ń padé, bíi ti ẹja lórí ilẹ̀.

Àbáyọ̀mí tẹ orí ba.

"Gbé ojú sókè," ni Ìyá Basit wí. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, o wò ó. Orí tábìlì rẹ ni wọ́n ti ṣí kámẹ́rà yìí ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. O ò pa á títí ó fi kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún."

Ó gbé ojú sókè. Nínú àwòrán, màmá ń wo ìlẹ̀kùn. Ó hàn pé wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan yẹ kó wọlé. Ẹ̀hìndé kò mira. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ní òde, àwọn alábàárù ń pariwo kí wọ́n yà fún àwọn. Ìṣẹ́jú méjì kọjá. Ọwọ́ màmá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

"Ẹ pa á," ni Àbáyọ̀mí wí.

"Ó ku ogójì ìṣẹ́jú àáyá."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

Kò pa á. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí fóònù dún, Àbáyọ̀mí fò dìde bí ẹni tí iná jó. Ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ìyá Basit yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ìlà kan péré ni. Lẹ́nu ọ̀nà tí ìkìlọ̀ ń gbà jáde, ẹnì kan kọ ọ́ pé kí wọ́n dá gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ń lọ sí fóònù Lará nìkan dúró fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni fóònù àti kọ̀ǹpútà yẹn máa ń kí ara wọn kí igbe tó dún, ogún lọ́nà mẹ́sàn-án sì ni ìṣẹ́jú mẹ́ta. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà.

Ó jẹ́wọ́ lórí ìdúró. Ilé ìwòsàn kan ní England ti gba Lará síṣẹ́, oṣù kẹsàn-án ló yẹ kó lọ. Ó ní òun á ránṣẹ́ pe Àbáyọ̀mí bó bá ti fìdí múlẹ̀. Àbáyọ̀mí mọ àwọn tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún rí, tí wọn ò sì ránṣẹ́ pè. Ìwé ẹ̀rí ìwà rere láti ibi iṣẹ́ ló kù kí Lará gbà. Bí kúẹ́rì bá pọ̀ nínú fáìlì rẹ̀, wọn ò ní fún un.

"Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú. Mo kàn fẹ́ kó dúró."

"O rí i pé màmá ń kú," ni Ládépọ̀ wí. "Kí ló dé tó ò yọ ìlà yẹn kúrò?"

Àbáyọ̀mí wo fóònù tó wà lórí tábìlì. "Bí mo bá yọ ọ́ lákòókò yẹn, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni."

Wọ́n rò pé Ẹ̀hìndé á lù ú. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí Ìyá Basit pa àwòrán màmá òun, ó pa á. Lẹ́yìn náà ló wá bi Ládépọ̀, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, pé nọ́ọ̀sì tí òun gbá létí ńkọ́, ṣé etí rẹ̀ ti san?

*

Ìyá Basit fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún Lará. Kò pọ́n ọ̀rọ̀ náà lẹ́wà. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan kámẹ́rà. Lará fetí ọ̀tún gbọ́ ọ. Ó bi í bóyá màmá ì bá yè bí fóònù bá dún lásìkò.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá Basit wí.

Lará mi orí. Kò sunkún. Ó bi Ládépọ̀, tó bá Ìyá Basit wá, bóyá òun lè máa lọ. Ládépọ̀ ní ó lè máa lọ, wọ́n á fa ìwé tó fọwọ́ sí ya. Ṣùgbọ́n òun ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ báyìí, ilé ẹjọ́ á gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ẹjọ́ á fi parí.

"Ẹjọ́ irú èyí, ó máa ń tó ìgbà wo?"

Ládépọ̀ ní ọdún mẹ́rin. Nígbà mìíràn, márùn-ún.

Lará ka oṣù lórí ìka rẹ̀ títí ó fi dé oṣù kẹsàn-án tó yẹ kó lọ sí England, ó sì dáwọ́ dúró. Ilé tí òun àti Àbáyọ̀mí jọ háyà ní Ìbá ni gbogbo ẹrù rẹ̀ wà, ó sì ní òun kò lè wọ ibẹ̀ lónìí. Ó bẹ Ìyá Basit pé kó jẹ́ kí òun wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí ọjọ́ á fi rọ̀.

Ìyá Basit gbé páálí kúrò lórí àga fún un. Ó padà sídìí iṣẹ́. Lará jókòó sáàárín àwọn sáfà títí ilẹ̀ fi ṣú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan.